Ẹni Tó Ń Juwọ́ Ló Ń Rí Èéfín

Láràárọ̀, kí Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó jáde lọ wọn ilẹ̀ onílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ a máa sìn ín dé ẹnu géètì. A bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́là náà ti tọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, a dúró, a máa juwọ́ sí i títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀ òkè, tí yóò yà ní kọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà tó bá tètè dé ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá àwọn lóhùn àfi tí ọwọ́ jíjù bá parí.

"Ìfẹ́ tiyín yìí, ṣé bátìrì ló ń lò ni? Kì í mà í tán!" Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe máa ń wí nìyẹn.

Aránṣọ a rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó dùn ún wò tó bí ọkọ̀ ọkọ òun ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ òkè náà, tí èéfín búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ìbòjú ìyàwó tuntun.

Ọkọ̀ àlòkù ni, oní-bẹntiróò. Ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó náà ni wọ́n rà á. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Orogún. Ṣùgbọ́n Orogún ní àṣà kan: ó ń mu ọ́ìlì.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa irin géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó tún ti lọ sílẹ̀!"

"Kí ló lọ sílẹ̀, olówó orí mi?"

"Ọ́ìlì ni. Kò tíì pẹ́ tí mo rọ ọ́ sí i."

"Ta ló wá ń mu ún?"

"Èmi náà ò mọ̀. Àbí kí n bi í?"

Aránṣọ sún mọ́ ọn, ó wo inú ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni ń wo inú kànga. Obìnrin yìí kì í lè sùn lórí ohun tí kò bá yé e. Bí bọ́tìnnì kan bá sọ nù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò nílẹ̀ láti wá a.

"Ohun tó wọlé tí kò sí nínú ilé mọ́," ó ní, "á jẹ́ pé ó gba ibì kan jáde. Ibo ló ń gbà?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni yóò lọ gbé ìyá Aránṣọ wá láti ìlú rẹ̀, nítorí dókítà ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ọ̀nà náà jìn. Inú igbó ló gbà kọjá, ibi tí ilé kì í sí, tí fóònù kì í lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gan pa síbẹ̀ ńkọ́, pẹ̀lú ìyá àgbà tí kò ríran dáadáa?

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, Aránṣọ tẹ́ àjákù aṣọ funfun ńlá kan sábẹ́ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó fà á jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan níbẹ̀. Aṣọ náà funfun kinkin bó ṣe wà.

"Kò jò," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Kò sí nínú ilé, kò sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí mà ń dùn mọ́ mi o!"

"Èmi ni kò dùn mọ́," ọkọ rẹ̀ fèsì.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ará ilé kejì ti yọjú lórí ògiri. Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ wí tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀.

"Mo ti mọ̀!" ó ní. "Ọ́ìlì tí ẹ ń lò ló ṣàn jù. Ẹ wá èyí tó ki bí oyin, ẹ rọ ọ́ kún un. Tó bá ti ki, kò ní ráyè sá. Kí ẹ wá gbé gálọ́ọ̀nù kan sí búùtù, kí ẹ máa rọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà. Tó bá wá sú yín, ẹ fọ ọkọ̀ náà kó máa dán, kí ẹ tà á fún ẹlòmíì."

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu. Ṣùgbọ́n Aránṣọ fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó tà á fún wa ṣe ṣe é nìyẹn o. Ó fọ̀ ọ́, ó dán. Ṣé kí àwa náà wá lọ ba ti ẹlòmíì jẹ́ ni?"

"Èmi ti sọ tèmi," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí, ó sì wọlé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni ìyá Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá kí wọn. Ọkọ̀ aláìsàn ti ilé ìwòsàn ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Ańbúláǹsì sì lorúkọ tó mọ́ ọn lára. Kò tíì jókòó dáadáa tí Aránṣọ fi ro ẹjọ́ Orogún fún un.

"Ẹ jẹ́ kí n bèèrè bí dókítà," ìyá náà wí. "Ṣé ó máa ń rú èéfín?"

"Rárá o, Màmá," Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dáhùn kíá. "Mi ò rí i rí."

Aránṣọ la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ó ń rú èéfín! Ojoojúmọ́ ni!"

"Ojoojúmọ́ kẹ̀? O ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí ni." Ó tẹrí ba, ó ń fi ìka lọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Ó... ó máa ń rẹwà lójú mi. Bí ìbòjú ìyàwó."

Màmá Ańbúláǹsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Ìfẹ́ a máa fọ́ni lójú, mo gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó tún ń fi èéfín dí i! Ìyàwó mi, má tijú. Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀, iwájú ló ń wò. Ẹni tó ń juwọ́ lẹ́yìn ló ń rí èéfín. Àwọ̀ wo ni?"

"Búlúù, Màmá."

"Ọ́ìlì ló ń jó nìyẹn. Ká ní dúdú ni, à bá ní bẹntiróò ló pọ̀ jù. Ká ní funfun tí kì í tán ni, omi ìtutù ẹ́ńjìnnì ni à bá fura sí. Ìgbà wo ló máa ń rú u?"

Aránṣọ pa ojú dé kó lè rí i dáadáa. "Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, á tú jáde fùú, lẹ́yìn náà á dín kù. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, tó wá tẹná mọ́ ọn láti yà, á tún tú jáde."

"Tó bá ń gùnkè bọ̀ nírọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Kì í rú nígbà yẹn, Màmá. Mo máa ń dúró dè é, mo mọ̀."

Ìyá náà fọwọ́ lu itan. "O ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mẹkáníìkì! Gbọ́ mi. Rọ́bà kéékèèké wà lórí àwọn fáàfù inú ẹ́ńjìnnì, àwọn ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ro bọ́ síbi tí bẹntiróò ti ń jó. Rọ́bà tí wọ́n fi sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, tó bá gbó, kí ló máa ń ṣe?"

"A le, kì í sì í fún mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì a ro kọjá lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń tú láàárọ̀. Ká ní ìgbà tó ń gùnkè ló ń rú u jù ni, òrùka tó yí písítìnì ká, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ni ǹ bá fura sí, ìyẹn sì le ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ìfura ni o, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ ọkùnrin yìí, ibo lo ti máa ń wọn ọ́ìlì rẹ?"

"Níwájú géètì níbí. Tí mo bá ti pa á báyìí, mo ti wọ̀n ọ́n."

Ìyá náà dìde. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì Aránṣọ, ó mú rẹ́ẹ̀lì òwú kan, ó jáde lọ gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ níwájú géètì. Rẹ́ẹ̀lì náà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń tú òwú pupa sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ìwọ tí ìjọba ń gbé iṣẹ́ fún láti wọn ilẹ̀!" ni Màmá Ańbúláǹsì kígbe. "O ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tìrẹ kò tẹ́jú?"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Aránṣọ ti ń sáré lé òwú rẹ̀ lọ, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sáré dáadáa.

Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí pápá tó tẹ́jú. Wọ́n pa á, wọ́n ní sùúrù kí ọ́ìlì ro sísàlẹ̀. Wọ́n nu irin géèjì, wọ́n tì í padà sínú ihò rẹ̀, wọ́n fà á yọ. Àṣé ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ló ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀; ọ́ìlì ti kọjá ìlà òkè ara irin náà! Gbogbo èyí tó ń rọ sí i ti di àpọ̀jù, àpọ̀jù náà sì ń wá ibi tó máa gbà jáde, ó ń lọ jó pọ̀ mọ́ bẹntiróò.

"Tí a bá fa àpọ̀jù náà kúrò, mo lè gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn," Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wí.

"Rárá," ìyá rẹ̀ dáhùn. "A ò tíì mọ iye tó ń mu gan-an. Ọkọ̀ tí a ò mọ bó ṣe ń mu, a kì í gbé e wọgbó."

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé ọkọ̀ tara òun lòun á fi gbé ìyá ìyàwó òun wá. Aránṣọ náà sì ti ń fọkàn rí i bí ìyá òun á ṣe sọ̀ kalẹ̀ níwájú géètì bí ọbabìnrin. Ó dùn ún. Ó gbé e mì.

"Wọ ọkọ̀ èrò lọ, ọkọ mi. Ìwọ ni Màmá mi ń retí, kì í ṣe táyà rẹ."

Nígbà tí wọ́n gbé Orogún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ pé ọkọ̀ ń mu ọ́ìlì, ó ti ń ká apá ẹ̀wù. "Ká tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni!"

"Má tíì tú nǹkan kan, ọmọ mi," Màmá Ańbúláǹsì wí. "Kọ́kọ́ wọn agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ wò, sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ká mọ̀ bóyá òrùka písítìnì ṣì dára. Kó o sì yẹ fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wò."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe bó ṣe wí. Òrùka písítìnì ṣì dára. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti dí fáàfù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí pátápátá, àwọn rọ́bà fáàfù sì ti le bí awọ gbígbẹ. Ó pààrọ̀ wọn, ó nu púlọ́ọ̀gì tí ọ́ìlì ti bò, ó sì rọ irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà fẹ́ sí i. Kò tú ẹ́ńjìnnì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò lọ mú ìyá Aránṣọ wá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yọrí sí rere. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú rẹ̀, òun náà bá ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu géètì. Orogún sọ̀ kalẹ̀ òkè, ó yà ní kọ̀rọ̀. Aránṣọ ṣì ń wò.

"Ọkọ rẹ ti lọ," ìyá náà wí. "Kí lo tún ń wò?"

"Ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni mò ń wò, Màmá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọkọ̀ àlòkù, ẹ kọ́gbọ́n. Bí ọkọ̀ yín bá ń mu ọ́ìlì, ẹ má sá fún un, ẹ má sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tó sì sinmi díẹ̀, kí ó wà láàárín ìlà méjèèjì ara irin géèjì. Àpọ̀jù rẹ̀ náà ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ yín bá fẹ́ ni kí ẹ lò. Bí iná pupa tó rí bíi kẹ́tù omi gbígbóná kékeré bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì; ẹ má sọ pé ilé ò jìnnà mọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ ohun kékeré wò kó tó tú ohun ńlá. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ sọ àrùn rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á, nítorí òun náà ní ìyá tó fẹ́ lọ gbé.

Ẹ sì bi ẹni tó ń juwọ́ sí yín láàárọ̀ léèrè ohun tó ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ yín. Bí ẹ ò bá tíì ní ẹni tó ń juwọ́ sí yín, ẹ bẹ ará ilé kejì kó bá yín dúró sẹ́yìn, títí Ọlọ́run á fi pèsè tiyín.