Gàrí Tó Tètè Tán ní Lọ́ńdọ̀nù

Iléyá ti ń kanlẹ̀kùn. Alhaja Gbàdàmọ́sí jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń bá Hikmah ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbogbo wa tó wà nítòsí là ń gbọ́ ọ, torí Alhaja kì í rọra dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù.

"Àgbò ọdún yìí gbọ́dọ̀ ju ti èṣí lọ o. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi."

"Mo gbọ́, Màmá." Hikmah fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún fi gàrí ránṣẹ́?"

Alhaja rẹ́rìn-ín. "Gàrí Ìmùṣin tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ti tán? Àbí ẹ̀ ń fi wẹ̀ ni?"

Nígbà tó pa fóònù, Abdulhakeem, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé wá ṣọdún, kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ rò pé ìpanu ni. Gàrí yẹn loúnjẹ wọn."

"Nílùú òyìnbó?"

"Olówó ń bẹ níbẹ̀, mẹ̀kúnnù náà ń bẹ níbẹ̀. Hikmah ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó ilé àti owó iná ló ń gbé e lọ. Mo yà kí i kí n tó máa bọ̀. Ó bu ìrẹsì fún Zayd ọmọ rẹ̀, ó ní òun ti jẹun. Irọ́ ni. Nígbà tí ọmọ jẹun tán, mo rí i tó ń ha ìdí ìkòkò jẹ."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ ń bèèrè àgbò ńlá, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ebi ń pa òun? Wọ́n ń fún ará àdúgbò lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní mọ́sáláṣí ẹ̀bá ilé rẹ̀. Kì í yà síbẹ̀. Ó ní bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá rí òun, ó máa dé etí yín."

Omi bọ́ lójú Alhaja. Ó tún pe Hikmah, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Ẹkún Hikmah la gbọ́.

"Gbàgbé àgbò. Ọlọ́run ò ní kí ẹni tí ò ní pa àgbò. Lọ gba oúnjẹ mọ́sáláṣí yẹn lónìí. Ẹni tó bá rí ọ, sọ fún un pé ìyá rẹ ló rán ọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú olówó ló lówó. Kí ẹ tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Ẹ̀yin ọmọ wa, kò sí ìtìjú níbi tí wọ́n ti ń fúnni lóúnjẹ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ ọmọ yín, wọ́n á júwe ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́.

Àgbò tí ọmọ fi ebi inú rà, kí la fẹ́ fi ẹran rẹ̀ ṣe?