Nítorí Kí Ọkọ̀ Má Baà Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "N kò ní fẹnu kan omi lónìí o, mò ń rìnrìn àjò," ẹ sún mọ́bí. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Màmá Mercy. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, níbí ní Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ wíwẹ̀ làwọn èèyàn àdúgbò fi mọ̀ wọ́n jù. Ọmọ tí wọ́n bá wẹ̀, tí wọ́n nà lápá, tí wọ́n nà lẹ́sẹ̀, á sùn fọnfọn ni. Nígbà tí Mercy, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá bímọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ààwẹ̀ àti àdúrà, ta ló tún máa wẹ ọmọ náà? Wọ́n ní kí n sin àwọn lọ.

Mo bá wọn ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo na omi inú ọ̀rá sí wọn.

"Gbé omi rẹ jìnnà sí mi, Ọlábísí! Ó di ulé Mercy kí n tó mu omi. Ṣé uṣu mi ti wà nínú búùtù?"

"Ó ti wà níbẹ̀. Ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó. Àbí ìwọ ni dókítà mi ni?"

Irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń lò sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ léraléra. Nígbà tí a lọ sí Lọ́kọ́ja ní Kérésì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bẹ dírẹ́bà kó dúró. Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, ṣé kànga lẹ gbé síkùn ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àgbà tíṣà, tó ti na bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì rí! Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọ eegun.

A dé Òmùò. Mo rí ilé epo kan, mo ní kí dírẹ́bà dúró ká lọ tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi já mi lẹ́kanná nítan.

"Má dójú tì mí. Dírẹ́bà, máa lọ."

Nígbà tí a wọ igbó tó lọ sí Kábà, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Mo tún bẹ dírẹ́bà.

"Nínú igbó yìí kẹ̀?" ló wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jí wa gbé ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ibi tó yẹ ká ti dúró, a ti kọjá rẹ̀.

Ọsàn tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún Mercy, tí wọ́n mú lọ́wọ́ ọ̀tún, já bọ́. Mo he é fún wọn, ọwọ́ ò dì í mú. Mo wo ojú wọn, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ pe orúkọ mi, kò já geere. Mo figbe ta. Obìnrin kan ti ń ṣí ìgò epo pupa, ó ní ká rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rọ nǹkan kan sí wọn lẹ́nu! Dírẹ́bà, ọsibítù!" Ó sáré, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

Ní ọsibítù tí a gbé wọn dé, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Doyinsọ́lá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó mí kanlẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n lo oògùn kẹ́yìn?"

"Láàárọ̀ yìí ni," ni mo dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé rárá.

"Àná ńkọ́, Mà?" Wọ́n mi orí. "Ìjẹta ńkọ́?" Omijé ti ń bọ́ lójú wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé nítorí ìtọ̀ ni?" ni mo béèrè.

"Nítorí ìtọ̀ ni, Mà, àwọn kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gba ìsinmi nítorí ìrìn àjò. Ká ní wọ́n kọ́kọ́ lọ bá dókítà wọn ni, ì bá sọ wákàtí tí wọ́n lè lò ó tí kò fi ní yọ wọ́n lẹ́nu lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ì bá ná wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi dé Lọ́kọ́ja nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ ti rọ. Mercy ló ń wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò wá wẹ ìyá rẹ̀. Nápí méjì là ń rà nínú ilé yẹn báyìí, ti ọmọ àti ti ìyá àgbà. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ dúró fún ìtọ̀!

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ẹ sì fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe búùtù. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ sọ fún dírẹ́bà pé ẹ óò tọ̀, kó dúró láàárín ìlú, kó má di inú igbó. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, àmì àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ tàbí epo sí i lẹ́nu.

Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo èrò tó fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Kérésì, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wá bá Mercy fọ aṣọ ibùsùn.