Eyín Ló Ń Hù

"Eyín ló ń hù," ni Ìyá Àgbà wí. Ó ti ìka bọ Muqtadir lẹ́nu, ó ń tẹ erìgì rẹ̀ wò. "Ibi tó wú rèé. Gbogbo yín lẹ yàgbẹ́ gbuuru nígbà tí eyín yín ń hù. Ìwọ Qudrah lo tiẹ̀ dà mí láàmú jù."

Qudrah dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó ń bu omi sí ẹ̀wà tó gbìn sínú agolo mílíìkì. Ó bojú wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ tó ké kíkankíkan lánàá kò ké mọ́. Ńṣe ló ń kérora díẹ̀díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

"Ṣé ó ti mu omi, Màmá?"

"Omi kẹ̀? Omi ń jáde nísàlẹ̀, kí n tún máa bu òmíràn sí i lókè? Jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ ná."

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni Muqtadir, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni. Nílé wọn ní Ìbafò, bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ìyá a kúrò nílé kí ọmọ má bàa máa rí àyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Mùnírátù, ìyá wọn, fi lọ sọ́dọ̀ Salmah àbúrò rẹ̀ ní Ifọ̀. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ìgbẹ́ gbuuru fi dé.

Qudrah mọ̀ pé kì í ṣe eyín. Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, olùkọ́ báyọ́lọ́jì wọn, ti ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, kí wọ́n bomi rin ọ̀kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Ojú fèrèsé ni méjèèjì wà, àwọn ẹ̀wà náà sì na ọrùn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà tó yá, èyí tí kò rí omi mu sorí kodò.

"Ewéko ò ní egungun," ni olùkọ́ náà sọ fún wọn. "Omi ló fi ń dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí egungun tàn yín jẹ, omi ló ń gbé ẹ̀yin náà ró."

Ó ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, omi tó yẹ kí ìfun fà sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nù. Bí a bá fi omi dù ú, inú rẹ̀ kọ́ ni yóò gbẹ, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kí á máa fún un mu, nítorí iyọ̀ àti ṣúgà ló ń bá ìfun fa omi padà. Ọ̀rọ̀ yìí yé Qudrah débi pé òun ni wọ́n yàn láti ṣojú ilé ìwé wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Owódé Ẹ̀gbá. Òní gan-an ni ìdíje ọ̀hún. Kaosarah tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ̀ ju ilé kéú lọ, máa wà níbẹ̀.

"Màmá, olùkọ́ wa sọ pé omi—"

"Olùkọ́ yín ti bímọ rí?" Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, bí o bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, jókòó tì í lónìí."

Qudrah pa ẹnu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀, òun náà mọ òwe yìí. Ká má parọ́, ìbọ̀wọ̀ fágbà kọ́ ló dí i lẹ́nu. Owódé ló ń rò.

Bó ṣe fẹ́ jáde ni ìyá rẹ̀ pè lórí fóònù.

"Qudrah, Muqtadir ń kọ́? Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọyàn mi ti wú, ó ń dùn mí gan-an. Ṣé kí n máa bọ̀ ni?"

Qudrah tẹ̀ ba, ó fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ náà sókè bí olùkọ́ ti kọ́ wọn. Awọ náà kò tètè padà, àmì pé omi ti ń tán lára ọmọ. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń fọn fèrè níta. Bó bá sọ òótọ́, òun ni wọ́n máa ní kó gbé e lọ sí ọsibítù, torí ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Àgbà.

"Ẹ má dààmú ara yín, Mọ́mì," ló wí. "Eyín ló ń hù."

Ní Owódé, adájọ́ kan bi í léèrè ìdí tí a fi ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Qudrah ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni mu omi tútù. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ó gba ipò kìíní, Kaosarah sì dì mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Wòsílátù tó ń gbé yàrá kejì ló sọ fún un pé ojú ọmọ náà ti yí, wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù ní Mówè.

Qudrah sáré lọ síbẹ̀, ó bá nọ́ọ̀sì tó ń gbá ọwọ́ ọmọ náà, tó ń wá iṣan tí yóò fi omi sí. Iṣan kò jáde. Bí omi bá wọ́n nínú ara, ara a máa gba ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó lè fi bọ́ ọkàn àti ọpọlọ. Èyí náà Qudrah mọ̀ ọ́n.

"Ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Eyín ni mo pè é," ni Ìyá Àgbà ń tún wí. "Eyín ni mo pè é."

Nígbà tí Mùnírátù fi máa dé láti Ifọ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ọmọ. Omi ọyàn ti rin iwájú bùláòsì rẹ̀ gbingbin. Wọ́n kírun sí Muqtadir lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn tú ká, Mùnírátù pe ọmọbìnrin rẹ̀ sí yàrá.

"Nígbà tí mo pè ọ́, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe eyín?"

Qudrah wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó lè parọ́ ẹ̀ẹ̀kejì, kò sì sẹ́ni tó máa mú un.

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò bú u.

"Ìyá Àgbà ò mọ̀," ló wí. "Mo ti dárí jì wọ́n." Ó dìde, ó sì jáde, kò sọ ìyókù.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń gba àtẹ́wọ́ lásán. Bí ohun tí ẹ mọ̀ bá lè gba ẹ̀mí là, ẹ sọ ọ́ nílé, kódà kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, kódà kí ohun tí ẹ ń lé bọ́ lọ́wọ́ yín. Aláìmọ̀kan lè rí ìdáríjì gbà. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, ó ṣòro fún un láti dárí ji ara rẹ̀.