Ìwé Kòjó Wà Nínú Àpótí

Igi àkọ́kọ́ ba Kòjó léjìká, èkejì là á lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

Soliat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí Kòjó, ọmọ Tógò, fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Àpòmù. Àbídì, ẹ̀gbọ́n Soliat, ló gbé igi dání, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Inú ń bí i nítorí pé ó wáṣẹ́ débẹ̀, wọ́n ní Kòjó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Ìwé ìgbélùú ẹ dà?" Àbídì pariwo. "Ẹ ó máa gbaṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ láìní pépà!"

"Ó ń bẹ lọ́wọ́ Bàbá yín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

"Irọ́!" Àbídì yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Soliat, ìwọ lo máa ń ka ìwé fún Bàbá. Ṣé o rí ìwé ẹ̀ nílé wa rí?"

Soliat ti rí i. Lọ́jọ́ tí Kòjó dé, Bàbá ló mú un lọ hàn láàfin, tó sì ṣe onídùúró fún un. Láti ìgbà náà ni ìwé ìgbélùú tí ìjọba fún Kòjó ti ń gbé inú àpótí Bàbá. Kò sí ọdún tí Kòjó kì í tún un gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé wuwo nílé wọn. Wọ́n ti sọ fáyé gbọ́ pé ńṣe ni Àbídì wá sinmi láti òkè òkun. Irọ́ gbuu! Físà àbẹ̀wò ni wọ́n fún un, ó fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n lé e wálé. Bí Soliat bá lanu nípa ìwé, wọn ò ní pẹ́ béèrè ti Àbídì. Ẹ̀rù bà á, ojú sì ń tì í.

"Mi ò rí i rí," ló sọ.

Àbídì ju igi nù, ó gbé irin. Kòjó na apá sókè kó má baà bà á lórí. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí egungun apá rẹ̀ ṣe ṣẹ́. Soliat figbe ta, ó sáré lọ pe Bàbá.

Bàbá dé tòun tìwé náà. "Kà á," ó wí fún Soliat. Soliat ka orúkọ Kòjó àti ọjọ́ tí ìwé náà máa parí. Ó ṣì ku oṣù mẹ́jọ.

"Àbídì," Bàbá sọ lójú gbogbo èrò tó ti pé jọ, "wọ́n fún ọ ní físà, o rú òfin wọn. Wọ́n lé ọ wálé, ṣùgbọ́n wọn ò ṣẹ́ ọ lápá. Ẹni tó pa òfin mọ́ lo wá ṣẹ́ lápá. Ká tiẹ̀ ní kò níwèé, ṣé ìwọ ni ọlọ́pàá?"

Àbídì ju irin náà sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Apá Kòjó jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Àwọn àgbà ní irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, apá olóòótọ́ ni irọ́ Soliat ṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá wọ ìlú onílùú, kó tẹ̀lé òfin ibẹ̀. Onílé náà, kó má sọ ara rẹ̀ di òfin. Ẹni tó sì mọ òtítọ́ tó gbé e mì, òun náà wà lára àwọn tó gbé irin.