Ọjọ́ Méjìdínlógún

"Bi ìyá rẹ pé láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti dé, ǹjẹ́ ó kúrò nílùú yìí rí?"

Ọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló bi mí. Ìwé ìgbélùú màmá mi ti tán, ọwọ́ rẹ̀ ni òmíràn wà. Èdè ibí tí màmá mi gbọ́ tó fún fífọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn, kò tó èdè ọ́fíìsì. Èmi ni ògbufọ̀ wọn.

"Sọ fún un pé mo lọ lẹ́ẹ̀kan," ni màmá mi wí. "Ọjọ́ méjìdínlógún. Mo lọ sin ìyá mi. Àbí kí n má sin ín ni?"

Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì sọ pé: "Òpè! Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ pé òun jáde rí, lílé ni. Ṣáà ní rárá!" Mo sì rántí òwe tí màmá mi fi tọ́ mi: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

"Rárá, sà. Wọn ò kúrò rí."

Ọkùnrin náà wò mí títí. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Fọ́tò màmá mi rèé nínú aṣọ dúdú, ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n lọ àti ọjọ́ tí wọ́n dé.

"Òfin gba àádọ́rùn-ún ọjọ́ ìrìn àjò," ó wí. "Kò gba irọ́ ẹyọ kan. Kó kúrò nílùú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

Màmá mi rí fọ́tò náà, wọ́n rọra mi orí. "Kí ló wí? Ṣé ó ń bá mi kẹ́dùn ìyá mi ni?"

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò yọ ọ̀kan, n kò fi ọ̀kan kún un.

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n fi èdè ibí tí wọ́n ní sọ ọ́ fúnra wọn: "Mo lọ. Mo sin ìyá. Mo padà."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, kò sì gbójú sókè mọ́.

Lójú pópó, màmá mi di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ọgbọ́n ni wọ́n ní ká fi tún iṣẹ́ jẹ́. Wọn ò ní ká fi irọ́ jẹ́ ẹ. Ọlọ́run á ṣàánú wa."

Ẹ̀yin ojúgbà mi, òtítọ́ tí mo sá fún kò ju ọjọ́ méjìdínlógún lọ. Irọ́ tí mo fi bò ó ló gbé ọdún mọ́kàndínlógún mì.