Ohun Tí Agbẹ̀bí Sọ Fún Salma

"Dìde níbẹ̀. Aboyún mélòó ló ti bímọ nínú agbo ilé yìí láìsùn sáàárín ìrọ̀rí bí olorì?"

Adjara, ìyá Nabil, ló ń sọ̀rọ̀ báyìí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Salma, ìyàwó àbúrò rẹ̀, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní, ó ki ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà. Ẹ̀yìn ń ro ó láti àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́.

"Ìyá Nabil, mò ń bọ̀. Iṣan ló fà mí lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó tú."

"Lánàá, àyà ló ń ta ọ́. Níjẹta, awọ ikùn ló ń yún ọ. Ọ̀lẹ ló ń dà ọ́ láàmú, Salma. Gbé korobá kí o lọ pọnmi."

Adjara bẹ̀rẹ̀, ó fa ìrọ̀rí náà yọ, ó sì gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Ìkà ni. Ṣùgbọ́n ìkà tí ojú ń rí nìyẹn, èyí tó wà lábẹ́ aṣọ jù ú lọ.

Adjara ni àkọ́bí Bàbá Seidou ní ìlú Bantè. Ó bínú kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Koko, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀ nílé bàbá òun, ìsinmi náà kò sì tán mọ́. Òun nìkan lobìnrin tó kàwé débi pé ó gbọ́ Faransé nínú agbo ilé náà, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìjọba tàbí dókítà, òun ni wọ́n ń pè. Moudachirou, àbúrò rẹ̀, káfíńtà ni, kò sì sí ilé tuntun ní Bantè tí wọn kì í wá bá a ṣe ilẹ̀kùn. Ọmọ Savalou ni Salma ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Mahi tí í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fojú kan ilé ìwé.

Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń já a láyà lórí èyí. Bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí èémí rẹ̀ kò já gaara, á rò pé ikú ọmọ ni. Bí nǹkan bá fà á ní abẹ́ ikùn nígbà tó bá dìde, á dúró gbagidi, á máa retí ẹ̀jẹ̀. Ta ni yóò bi? Ìyá rẹ̀ jìnnà. Agbẹ̀bí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé ìwòsàn, ará àríwá ni, Faransé nìkan ló lè bá wọn sọ.

Adjara ló tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn náà. Agbẹ̀bí gbé ohun èlò rẹ̀ lé Salma níkùn, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tilẹ̀ fọwọ́ ṣàpèjúwe ẹni tó fẹ̀gbẹ́ sùn.

"Kí ló sọ?" ni Salma bi í.

"Ó ní ọkàn ọmọ náà ò lágbára. Ó ní oorun tí ò ń sùn ló fà á. Kí o máa ṣiṣẹ́, kí o má fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú mọmọ, kí o sì yé jẹ ẹyin àti ẹ̀wà."

"Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín àánú ni."

Bí wọ́n ṣe délé, Adjara pe Moudachirou sẹ́yìn ilé. Ó ní agbẹ̀bí sọ pé oyún náà kò ní dúró, pé inú Salma kò lè gbọ́mọ, àti pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbọ́, kí ìbànújẹ́ má bàa pa á. "Wá ẹlòmíràn fẹ́, àbúrò mi. Samiath ń bẹ níbẹ̀."

Èwo ni ti Samiath? Ìyá Samiath ló ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ tó tóbi jù lọ́jà Bantè. Ó ti ṣèlérí pé bí ọmọ òun bá wọlé Moudachirou, Adjara yóò di ẹnìkejì òun nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Nítorí ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sin ọmọ tó wà láàyè.

Moudachirou gbà á gbọ́. N kò ní gbè é lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìròyìn ara ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí kò bi ìyàwó fúnra rẹ̀, ó ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́. Kò bá a fi òrí pa ikùn mọ́, kò sì bi í bóyá ó sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wolẹ̀.

"Salma, àwọn ará ilé Samiath ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá ti fọwọ́ sí i."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí agbẹ̀bí sọ ni." Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Salma kò jẹ́ kó sinmi, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọmọ inú Salma yí, ó ta á nípàá lábẹ́ ìhà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Ọmọ tí ẹ ti sin nìyí. Ẹ gbé ọwọ́ yín síbí, kí ẹ kí i."

Moudachirou fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ẹ̀rù ń bà á, kò fẹ́ nífẹ̀ẹ́ ohun tó rò pé yóò kú. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti kúrò lára Salma.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di aṣọ díẹ̀ sínú àpò. Adjara dínà mọ́ ọn.

"Níbo lò ń lọ? Ta lo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Savalou ni mò ń lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi pẹ̀lú etí ara mi."

"Bí o bá jáde, má padà wá o."

"Màá padà, Ìyá Nabil. Ilé ọkọ mi ni. Àlejò tó wà níbí, ẹ̀yin ni."

Ó wọ tasí, ó ní kí awakọ̀ rọra ní ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ Suzanne, ọmọ Mahi. Suzanne yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó wá gbé ohun èlò rẹ̀ lé e níkùn, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè kí ìró inú rẹ̀ lè jáde. Kìtìkìtì, kìtìkìtì, bí ẹṣin tó ń sáré.

"Kí nìyẹn?"

"Ọkàn ọmọ rẹ. Kò sóhun tó ṣe é."

Salma sunkún, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo ohun tó ti ń bà á lẹ́rù ló bi, Suzanne sì ń dá a lóhùn ní èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń ro ó, ẹrù ọmọ ló fà á. Kí ó yé gbé omi tó wúwo. Àyà tó ń ta á, kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì sùn ní kété tó bá jẹun tán. Iṣan tó ń fà á, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kí ó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí ó ki nǹkan rírọ̀ sáàárín orúnkún. Kí ó jẹ ẹyin, kí ó jẹ ẹ̀wà. "Ṣùgbọ́n bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gan-an tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ọmọ bá dákẹ́ tí kò yí mọ́, má dúró de ẹnikẹ́ni. Sáré wá."

"Wọ́n ní kí n máa ṣiṣẹ́ kí ọkàn ọmọ lè le."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Suzanne bi í. Salma ti mọ̀ pé Adjara ló parọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àlejò ti jókòó nínú agbo ilé Bàbá Seidou. Samiath àti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mounirou náà wà níbẹ̀, àbíkẹ́yìn Bàbá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Bobè. Salma wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì dìde dúró.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn mí, mo sì lọ gbọ́ ọ. Ọmọ yín ń bẹ láàyè, ara rẹ̀ le. Ìyá Nabil ló parọ́ mọ́ ọn."

Adjara bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ burúkú. Tí mo bá parọ́, kí àyà gún mi. Ẹni tó lọ bá ní Savalou ló tàn án. Agbẹ̀bí tiwa mọṣẹ́ jù ú lọ."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bá agbẹ̀bí tiwa nísinsìnyí. Mounirou gbọ́ Faransé."

Ẹ̀rín kúrò lójú Adjara. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní kò bójú mu kí wọ́n fi àlejò sílẹ̀. Bàbá Seidou mú ọ̀pá rẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yá."

Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Wọ́n lọ, Samiath náà sì tẹ̀ lé wọn, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń fà á láṣọ. Bí agbẹ̀bí ti rí Adjara báyìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mounirou ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní, ṣé ìyàwó yìí ń sinmi bí òun ṣe sọ? Ó ní òun sọ pé ọmọ náà wà dáadáa, kí ìyá máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí ó máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kó gbẹ́rù. Ó ní…" Mounirou yíjú sí Adjara. "Ó ní òun pe ọkọ náà pé kí ó wá gbọ́ ìró ọkàn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ọkọ kò ráyè."

Moudachirou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Adjara," ni Bàbá Seidou sọ, "kí ni ọmọ inú ṣe fún ọ?"

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé, kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Samiath ló sọ̀rọ̀. "Ìyá Nabil, ẹ sọ fún mi pé Salma fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá. Ẹni tó purọ́ kí n lè wọlé yóò purọ́ kí n lè jáde. N kò fẹ́." Ó yí padà, ó lọ. Ìyá rẹ̀ bá a lọ láìdágbére, ó sì ránṣẹ́ sí Adjara kí ilẹ̀ tó ṣú pé kí ó má fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù òun mọ́.

Bàbá Seidou ní kí Adjara kó ẹrù rẹ̀ padà sí Koko. Kò bú u. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Moudachirou ń bẹ̀bẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Salma tẹ́tí sí i tán.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ óò máa pọnmi títí n óò fi bímọ. Ẹ óò sì máa bi mí bí ara mi ṣe rí. Èmi ni kí ẹ bi."

Àwọn ará àdúgbò fi Moudachirou ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n rí i pẹ̀lú korobá. Ó ń pọnmi lọ bẹ́ẹ̀.

Salma bí ọmọbìnrin kan ní Savalou, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hafsath nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní Bantè. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Adjara dé láti Koko. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù, kò lè wọlé. Gbogbo èèyàn yíjú sí Salma. Moudachirou fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Salma gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó sì lọ bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, Ìyá Nabil. Ẹ jókòó, ẹ jẹun. Ẹ gbé ọmọ bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹnu sọ̀rọ̀ fún mi mọ́ láé."

Adjara mi orí pé òun gbọ́. Ó wọlé, ó jókòó, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ náà.