Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lẹ́nu Géètì

Ọjọ́ tí awakọ̀ áńbúláǹsì náà kọ́kọ́ fojú kan obìnrin tó wá gba ọkàn rẹ̀, obìnrin náà ò mọ ẹni tó dúró tì í. Ilẹ̀ ló nà sí, láàárín kọ́tìnnì tuntun tó wá gbé kọ́ sílé oníbàárà rẹ̀ kan lórí òkè. Ikọ́ fée ti dí i lọ́fun. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ránṣọ gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó ń pè é, kò dáhùn.

Awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wá fi ọ́síjìn bò ó nímú, wọ́n gbé e, wọ́n sì sáré kọrí sísàlẹ̀. Kọ́nà mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Wọn ò tíì kọjá ìkejì tí nọ́ọ̀sì fi kígbe láti ẹ̀yìn pé òun ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n dé títì ńlá nísàlẹ̀ ló tó gbọ́ tí obìnrin náà húkọ́, bí ẹni tó bínú sí wọn. Ó ya awakọ̀ lẹ́nu pé omi ń bọ́ lójú òun.

Ọ̀nà yẹn kọ́ ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lẹ́yìn náà. Géètì ni. Àdúgbò àwọn olówó ni orí òkè náà, odi yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Òfin ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹ̀ṣọ́ bá kọ́kọ́ tẹ ilé tó ń lọ láago, tí ará ilé náà sì ní kó máa bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fóònù ń dún ní kíṣìnnì, kò sẹ́ni tó máa gbé e, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tára rẹ̀ le nínú ilé ló di orí aláìsàn mú. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni áńbúláǹsì fi dúró lẹ́nu géètì, kí ẹni náà tó ráyè sáré lọ gbé fóònù. Awakọ̀ náà mọ iye rẹ̀ dájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo aago.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ibùdó àwọn áńbúláǹsì, ó ní òun ń wá ẹni tó gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Ó dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dúpẹ́ ni ojú rẹ̀ ń lọ sí fèrèsé yàrá tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn bò.

“Ta ló ń ka ìwé ìròyìn lójú fèrèsé?” ó béèrè.

“Oòrùn ni,” awakọ̀ dá a lóhùn. “Ó ti kà á títí, ìwé ti pọ́n.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ téèpù jáde nínú báàgì, ó ní kó bá òun di ẹnu kejì mú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó padà wá, ó ní ìṣẹ́tí rẹ̀ kan wọ́. Ó tún wá, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá oòrùn ti mú kó ṣá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ awakọ̀ ní kọ́tìnnì wo ló ń ṣàìsàn tó báyìí tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà mi. Òun náà ń pè é ní ọ̀wọ́n mi. Tí wọ́n bá jọ jókòó, ó máa ń fetí sí èémí obìnrin náà láìjẹ́ kó mọ̀, bí ìyá ṣe ń fetí sí ọmọ tó ń sùn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á gan-an, kò sì mọ bó ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Kò sọ ọ̀rọ̀ géètì fún un. Níbẹ̀rẹ̀, àyè rẹ̀ ò tíì yọ. Nígbà tó yá, ó pàdé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà.

Ẹ̀gbọ́n náà ló tọ́ obìnrin yìí. Ọmọ ọdún méje ni obìnrin náà nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń po ọ̀dà fún ẹni ẹlẹ́ni, títí òun náà fi ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tirẹ̀. Tí ikọ́ bá dé sí àbúrò rẹ̀, òun ló ń gbé e jókòó sẹ́sẹ̀, tó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ní báyìí, orí òkè ló ń gbé, gbogbo èèyàn sì ń pè é ní Alága, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba awakọ̀ lálejò, ó mú un yí ilé ká. Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti ṣòfin géètì yẹn, abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni ò sọnù lórí òkè yìí.”

Awakọ̀ fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ọmọ tí inú rẹ̀ ń dùn sí bàbá rẹ̀. Awakọ̀ mu omi, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, Alága ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun ti ṣófo, òun máa gbà á fún wọn, ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Wọ́n lọ wò ó. Ilé náà rẹwà lóòótọ́. Ó ní ọgbà, yàrá mẹ́ta, àti pálọ̀ kan téèyàn ti lè rí gbogbo ìlú nísàlẹ̀. Kò sí eruku níbẹ̀, èéfín ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀. Dókítà pàápàá ti máa ń sọ fún obìnrin náà pé afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni oògùn rẹ̀ tó dáa jù. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó mí kanlẹ̀. Èémí náà wọlé, ó jáde, kò súfèé rárá. Awakọ̀ gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń fetí sí èémí yẹn, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Síbẹ̀ ó ní òun ò fẹ́ ilé náà. Obìnrin náà bi í pé kí ló dé. Ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kíṣìnnì ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ fèrèsé mẹ́ta ló wà ní kíṣìnnì, obìnrin náà sì ti wọn gbogbo wọn.

Ní ibi iṣẹ́, dípò kó jẹun ọ̀sán, á yàwòrán ọ̀nà òkè sórí bébà, á máa kọ ìṣẹ́jú sí i lára. Láti ibùdó dé géètì, mọ́kànlá. Láti géètì dé ilé yẹn, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà á wá kọ mẹ́sàn-án sáàárín wọn, á rún bébà náà mọ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó wakọ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá iye náà á dín. Kò dín.

Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ẹbí. Ìyá awakọ̀ ò fẹ́ ilé náà ní tirẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó bá ń gbé ilé tí àna fún un, wọ́n á máa rán an níṣẹ́ nínú yàrá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló dé ọ̀dọ̀ Alága. Ó ránṣẹ́ pe awakọ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, ó bi í bóyá ìgbéraga ni àbí ìlara. Awakọ̀ ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Alága ní kó wá sọ ohun tó jẹ́.

“Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí,” Alága wí. “Tí o ò bá lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi, má retí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó.”

Obìnrin náà wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Oúnjẹ ò wù ú mọ́. Ó ti gé aṣọ oníbàárà kan kúrú jù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ bá awakọ̀ ní ibùdó.

“Mi ò bẹ̀rù ilé kékeré,” ó wí. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ò ń pa nǹkan mọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé, onílé fẹ́ gbọ́ èsì. Tí o ò bá tíì sọ ọ́ nígbà yẹn, má wá mi wá mọ́.”

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ gun òkè nínú ọkọ̀ kékeré awakọ̀. Ẹ̀ṣọ́ àgbàlagbà kan ló wà lẹ́nu géètì. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀yìn, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síbẹ̀. Ó tẹ̀ ba lójú fèrèsé ọkọ̀, ó wo awakọ̀ dáadáa.

“Áńbúláǹsì,” ó wí. “Ẹ̀yin ni. Mo ti ń wá yín. Obìnrin ọjọ́ yẹn, ṣé ó yè?”

Awakọ̀ yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í.

“Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí mo fi dá yín dúró ò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò lè ṣí i. Òfin Alága ni, wọn ì bá lé mi.”

Obìnrin náà tẹ̀ síwájú díẹ̀. “Èmi ni, bàbá,” ó wí. “Mo yè.”

Bàbá náà di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n dé iwájú ilé náà, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà bi í ìgbà tó ti mọ̀. Awakọ̀ ní láti ọjọ́ kìíní ni. Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: fóònù tí kò sẹ́ni tó tètè gbé e, igbe nọ́ọ̀sì, bébà tó ń rún mọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ó ní ẹnu òun kọ́ ló yẹ kí ọ̀wọ́n òun ti gbọ́ pé òfin ẹni tó tọ́ ọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

“O wá jẹ́ kó pè ọ́ ní onígbèéraga,” obìnrin náà wí, ó ń sunkún.

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ ló kù díẹ̀ kí n pàdánù.”

Ó ṣáájú awakọ̀ wọ ọgbà Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún un, lórí ìdúró, láìgbóhùn sókè. Alága bi í léèrè ọjọ́ náà. Ó bi í léèrè ilé náà. Ó wá yíjú sí awakọ̀.

“Mẹ́sàn-án?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá.”

Ó jókòó sórí òkúta tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bá ọgbà. Fún ìgbà pípẹ́, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nu ọwọ́ òsì, bí ẹni tí ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní kí awakọ̀ má bínú sí òun. Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí géètì láìwọ bàtà tó yẹ, ó dúró ti bàbá ẹ̀ṣọ́, àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí àwọn onílé ṣèpàdé, ó ní kí wọ́n pa òfin náà rẹ́ fún áńbúláǹsì àti panápaná. Àwọn kan jà. Ó ní tí wọn ò bá gbà, kí wọ́n wá alága mìíràn. Wọ́n gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkè ṣì gùn, ẹ̀rù awakọ̀ ò sì lọ. Wọ́n wo ilé mìíràn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn gan-an. Obìnrin náà ti húkọ́ kó tó dé kíṣìnnì. Wọ́n wo òmíràn ní kọ́nà ìsàlẹ̀, níta géètì: yàrá méjì péré, fèrèsé pálọ̀ dojú kọ táńkì omi aládùúgbò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Obìnrin náà wo táńkì náà, ó sì jáde.

“Èémí rẹ ni,” awakọ̀ sọ fún un nígbà tí wọ́n ń padà. “Ìwọ ni kó o yàn. Tó bá jẹ́ ti òkè, màá bá ọ lọ, màá sì kọ́ bí mo ṣe máa gbé ibẹ̀.”

Ó ní òun máa rò ó. Ọjọ́ ìgbéyàwó dé, kò tíì sọ ọ́. Awakọ̀ ò bi í, ẹ̀rù ń bà á láti bi í.

Èèyàn mẹ́fà péré ni wọ́n nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Alága wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. Akọ̀wé kọ orúkọ wọn, ó kọ iṣẹ́ wọn, ó wá gbójú sókè, ó bi wọ́n ní àdírẹ́sì ibi tí wọ́n jọ máa gbé.

Awakọ̀ wo obìnrin náà.

“Ilé kejì, kọ́nà ìsàlẹ̀, ọ̀nà òkè,” obìnrin náà wí.

Alága kúkú rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èyí tó dojú kọ táńkì omi?”

“Òun ni, bọ̀ọ̀dá mi.”

“Kò burú. Màá lè fẹsẹ̀ rìn wá, ìyá ọkọ rẹ ò sì ní sọ pé mò ń rán ọmọ òun níṣẹ́.”

Ìyá awakọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Láàárín ẹ̀rín náà, awakọ̀ tẹ̀ mọ́ obìnrin náà, ó rọra bi í ìgbà tó pinnu.

“Mo ti lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́rin, èmi nìkan,” ó wí sí i létí. “Mo gun ọ̀nà yẹn láti títì, mi ò húkọ́. Dẹ́rẹ́bà mi, mo fẹ́ máa mí dáadáa, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà máa sùn.”

Akọ̀wé na bírò sí i. Awakọ̀ yára já a gbà tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé fi ní kó fara balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó fara balẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.